Ògì, Àkàrà àti Ẹja Ọ̀sà: Ìtàn Oúnjẹ Gbígbóná Ọmọdé ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Òtútù ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kò ní yìnyín nínú, ṣùgbọ́n ó ní àkókò tirẹ̀, ọmọdé ló sì máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Ọyẹ́ a máa dé láàrin oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí gúúsù. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, nínú ilẹ̀ igbó, ọyẹ́ kì í pẹ́ tó ti Ọ̀yọ́ tàbí ti Ìlọrin. Àárọ̀ kùtù ló máa ń mú jù: ètè ọmọ á bó, awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ á funfun, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti gòkè, ara á tún yá gágá. Òtútù kejì, èyí tó gùn jù, ni ti òjò, láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá. Ní agbègbè Ògùn Waterside, níbi tí ọ̀sà, odò àti àbàtà ti yí ọ̀pọ̀ abúlé ká láti Ìwópin títí lọ dé ọ̀nà Mákùn-Omi, òtútù òjò yìí ló ń wọ eegun ju ti ọyẹ́ lọ. Àsìkò rẹ̀ náà ni ikọ́, ibà àti ìgbẹ́ gbuuru máa ń bá ọmọdé fínra. Oúnjẹ gbígbóná tí a fún ọmọ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán wà lára ohun tí àwọn ìyá fi ń dáàbò bò ó látayébáyé. Ìtàn oúnjẹ náà kò sì dúró sí inú ilé ìdáná nìkan. Ó kan ọ̀nà ọjà, omi ọ̀sà, ogun àti ilé ìwòsàn.

Ògì ni olórí oúnjẹ wọ̀nyí. A ó rẹ àgbàdo sínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta títí yóò fi rọ̀. A ó lọ̀ ọ́. Orí ọlọ ni wọ́n ti ń lọ̀ ọ́ látijọ́, ẹ̀rọ ló ń lọ̀ ọ́ nísinsìnyí. A ó fi asẹ́ sẹ́ ẹ, èérí á kù sókè fún ewúrẹ́, ògì á sì tòrò sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Omidùn tó lékè rẹ̀ kì í ṣe ohun àdànù, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ìyá fi ń rẹ egbò àti èèpo igi fún àgbo ọmọ. Láàrin ọjọ́ wọ̀nyí ni ògì ti ń kan. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Lactobacillus, ló ń sọ ṣúgà inú àgbàdo di kíkan, kíkan náà kì í sì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn rí àyè gbé nínú rẹ̀. Ní ayé tí kò sí fíríìjì, tí omi kànga àti omi odò sì ń bàjẹ́ nígbà òjò, ohun ribiribi ni èyí jẹ́ fún ikùn ọmọdé. Bí òtútù bá mú, kíkan a máa falẹ̀, àgbàdo á sì pẹ́ nínú omi ju ti ìgbà ooru lọ. Ológì tó mọṣẹ́ kì í ka ọjọ́ nìkan. Ó ń fi ìka yẹ ọkà wò, ó sì ń gbóòórùn omi rẹ̀.

Bí a bá fẹ́ mu ún, a ó fi omi tútù díẹ̀ pò ó, a ó da omi híhó lé e lórí, tàbí kí a gbé e kaná, kí a máa fi orógùn rò ó kí ó má baà ṣe kókó. Èyí tó ki, tí a pọ́n sínú ewé tó sì dì, ni ẹ̀kọ jíjẹ. Ewé eéran, tó ń hù lábẹ́ igi ńlá nínú igbó, ni a fi ń pọ́n ọn, igbó Ìjẹ̀bú-Igbó kò sì ṣaláìní in. Àwọn obìnrin tó ń já ewé yìí, tí wọ́n ń dì í ní ìdì-ìdì wá sọ́jà, jẹ́ apá kan iṣẹ́ oúnjẹ ọmọdé tí àwọn ìwé ìtàn kì í sábà dárúkọ.

Ọgbọ́n ògì dàgbà ju àgbàdo lọ. Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá. Ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí ló gbé e dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Àwọn Potogí náà mọ Ìjẹ̀bú dáadáa. Duarte Pacheco Pereira, tó kọ ìwé rẹ̀ láàrin 1505 sí 1508, dárúkọ ìlú Ìjẹ̀bú, ó ní ìlú ńlá ni, yàrà ńlá sì yí i ká. Kí àgbàdo tó dé, ọkà bàbà ni a ń rẹ, tí a ń lọ̀, tí a ń sẹ́, ògì bàbà tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú sì ṣì wà lọ́jà títí di òní. Ohun tó jẹ́ kí àgbàdo gba ipò bàbà ní ilẹ̀ igbó kò ṣòro láti rí: bàbà kò fẹ́ràn òjò púpọ̀, àgbàdo sì ń so lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ní Ìjẹ̀bú. Àgbàdo tuntun a máa dé ní nǹkan bí oṣù Kẹfà sí oṣù Keje, ní àárín òtútù òjò gan-an, nígbà tí iṣu àná ti tán nínú àká, tí iṣu tuntun kò sì tíì gbó. Nínú oṣù ìyàn bẹ́ẹ̀, àgbàdo ló ń gba ọmọ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ògì nìkan kò tó ọmọ tọ́. Bí a ti ń sẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ni èéhù ọkà àti èèpo tó ní agbára ń bá èérí lọ sí ẹnu ewúrẹ́, ohun tó kù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju sítáàṣì lọ. Púrótéènì àgbàdo fúnra rẹ̀ kò pé, èròjà tí wọ́n ń pè ní lysine kéré nínú rẹ̀. Bí ìyá bá wá da omi lé e kí ó lè ṣàn, ikùn ọmọ, tó kéré, á kún fún omi gbígbóná kí ara rẹ̀ tó rí ohun tó fẹ́. Ẹni tó gbé ògì kalẹ̀ nílé Yorùbá kò sì gbé e kalẹ̀ lóun nìkan látijọ́. Àkàrà ni ẹnì kejì rẹ̀, tàbí mọ́ínmọ́ín, tàbí ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí a kò fi ata sí fún ọmọ kékeré. Lysine tí àgbàdo kò ní tó ló pọ̀ nínú ẹ̀wà. Kò sí ẹni tó kọ́ àwọn ìyá wọ̀nyí ní ẹ̀kọ́ nípa púrótéènì. Ojú tí wọ́n fi ń wo ọmọ tó ń dàgbà àti ọmọ tí kò dàgbà ló kọ́ wọn.

Ibi tí ẹ̀wà ti ń wá ló so oúnjẹ ọmọdé mọ́ ìtàn òwò. Áfíríkà ni ẹ̀wà ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọ̀dàn ló fẹ́. Ọ̀rinrin igbó Ìjẹ̀bú kì í jẹ́ kí ó ṣe dáadáa. Láti òkè, láti apá Ọ̀yọ́, Ìlọrin àti kọjá odò Ọya, ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ìjẹ̀bú ló wà lójú ọ̀nà láàrin òkè àti omi, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá láìgba àṣẹ. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Orù, tó wà nítòsí Àgọ́-Ìwòyè, jẹ́ ọ̀kan lára ẹnu ibodè ibi tí àwọn oníṣòwò Ìbàdàn ti ń sọ ẹrù wọn kalẹ̀ fún àwọn Ìjẹ̀bú. Nígbà tí ogun bá ti ọ̀nà, ìbọn àti ẹrú nìkan kọ́ ni òwò wọn ń dúró. Oúnjẹ tó ń bá orí ẹrù rìn náà ń dúró pẹ̀lú. Àwọn òpìtàn ti kọ púpọ̀ nípa ìbọn tó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá sí Ìbàdàn. Ó yẹ kí a kọ nípa ẹ̀wà àti ẹja pẹ̀lú, nítorí ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń tọ̀.

Ẹja ní tirẹ̀ ń gòkè láti ìsàlẹ̀. Àrọ̀, ẹpìyà, ọ̀bọ̀kún, edé àti akàn ni àwọn apẹja Ìjẹ̀bú àti Ìlàjẹ ń kó láti inú ọ̀sà àti odò agbègbè tó ń jẹ́ Ògùn Waterside lónìí. Ooru àti ọ̀rinrin ni ìdí tí ẹja fi ń yára bàjẹ́ níbẹ̀, nítorí náà èéfín ni ìgbàlà rẹ̀. Àwọn obìnrin ló ń yan án: wọ́n á ká a, wọ́n á tò ó sórí àtẹ lókè iná tí kò jó fòfò, wọ́n á máa yí i padà tọ̀sán-tòru títí omi ara rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ẹja gbígbẹ bẹ́ẹ̀ lè lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lórí àjà. Látijọ́, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e dé ọjà Ìwópin, Ẹ̀pẹ́ àti Èjìnrìn, orí àwọn aláàárù ló sì ń gbé e kọjá Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí ilẹ̀ igbó. Ọmọ tí wọ́n bí ní Òkè-Àgbò tàbí Ojówó ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí kò tíì fojú rí ọ̀sà rí, ti ń jẹ ẹran ara ọ̀sà nínú ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ kí eyín rẹ̀ tó pé. Edé gbígbẹ ló tún rọrùn jù fún ọmọdé: a lè lọ̀ ọ́ kúnná, kí a bù ú sínú oúnjẹ láìsí ìbẹ̀rù eegun.

A mọ bí omi yìí ti lérè tó, a sì mọ ewu rẹ̀, láti ẹnu ọmọ Mákùn kan. Òṣífẹ́kúndé, ọmọ Ìjẹ̀bú láti Mákùn, bọ́ sọ́wọ́ àwọn olè ojú omi ní 1820 nígbà tó ń ṣòwò kiri lórí ọ̀sà. Wọ́n tà á, ó dé Bràsíìlì, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ó dé Paris, níbẹ̀ ni ọ̀mọ̀wé Faransé kan, Marie-Armand d'Avezac, ti fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ìwé tí d'Avezac gbé jáde ní 1845 láti inú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lára ìwé tó ṣọ̀wọ́n jùlọ nípa Ìjẹ̀bú kí àwọn Òyìnbó tó wọ ibẹ̀. Oúnjẹ àárọ̀ náà bá irú àwọn ọmọ Yorùbá bẹ́ẹ̀ la òkun kọjá. Ní Bahia, ní Bràsíìlì, acarajé ni wọ́n ń pe àkàrà, abará ni ti mọ́ínmọ́ín, acaçá sì ni ẹ̀kọ tí a pọ́n sínú ewé. Ní 2005, ìjọba Bràsíìlì kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin alákàrà Bahia sínú ìwé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè wọn. Àwọn alákàrà Àgọ́-Ìwòyè kò tíì rí irú ọlá bẹ́ẹ̀ gbà, bẹ́ẹ̀ ó tọ́ sí wọn.

Bí ògì ṣe jẹ́ ti gbogbo Yorùbá, ìkọ́kọrẹ́ jẹ́ ti Ìjẹ̀bú. Ewùrà ni a fi ń sè é, iṣu tí baba ńlá rẹ̀ ti ilẹ̀ Éṣíà wá, tó sì bá ilẹ̀ ọlọ́rinrin mu. A ó bó o, a ó rin ín, a ó máa bù ú ní kọ́ńkọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi ọbẹ̀ tó ń hó, tí epo pupa, ata, iyọ̀, ẹja gbígbẹ àti edé ti wà nínú rẹ̀. A kì í sáré rò ó. A ó jẹ́ kí ó jinná kí orógùn tó kàn án, kí kọ́ńkọ́ rẹ̀ lè kù díẹ̀ nínú rẹ̀. Fún òtútù, bóyá ni oúnjẹ kan wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tó ju èyí lọ. Ó gbóná, ó rọ̀, ọmọ tí kò ní eyín púpọ̀ lè gbé e mì, ẹja rẹ̀ kò sí lọ́tọ̀ tí àgbà fi lè já a gbà lọ́wọ́ ọmọ, epo pupa sì ní èròjà tí ara ń sọ di fítámì A tó ń ṣe ojú láǹfààní. Bí a bá ń wá oúnjẹ kan tí ilẹ̀ igbó àti ilẹ̀ omi ti pàdé nínú ìkòkò kan ṣoṣo, ìkọ́kọrẹ́ ni. Ewùrà kan náà ni wọ́n ń din ní ọ̀jọ̀jọ̀, èyí tí ọmọ lè mú lọ́wọ́ jáde. Àwọn ará Rẹ́mọ nítòsí ní ẹ̀bìrìpò tiwọn, tí a fi kókò ṣe nínú ewé.

Ẹ̀gẹ́ dé láti Bràsíìlì, gàrí sì tàn kálẹ̀ gan-an ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún nígbà tí àwọn Àgùdà láti Bràsíìlì àti àwọn Sàró láti Sierra Leone ń padà bọ̀. Gàrí Ìjẹ̀bú, tó kan, tó sì gbẹ dáadáa, gba orúkọ káàkiri Nàìjíríà. Ní ẹ̀bá omi, àwọn Ìlàjẹ àti aládùúgbò wọn ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe púpurú, tí wọ́n ń fi èéfín gbẹ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń gbẹ ẹja. Ẹ̀bà àti púpurú gbígbóná ń yó ọmọ, ṣùgbọ́n púrótéènì ẹ̀gẹ́ tún kéré ju ti àgbàdo lọ; ọbẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń fún ọmọ ní oúnjẹ náà ní ìtàn tirẹ̀. Ìyá á jókòó sórí àpótí, á tẹ́ ọmọ sí itan, á fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe ife sí ẹnu rẹ̀, á sì máa da ògì lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i; bí ọmọ bá kọ̀, á fún un nímú díẹ̀ kí ó lè gbé e mì. Rírọ ọmọ ni èyí. Ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ aláìsàn tí kò lè jẹun ni ọ̀nà yìí sì gbà là, ṣùgbọ́n ògì a máa gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sí ẹ̀dọ̀fóró nígbà mìíràn, ó sì ti pa ọmọ. Èèwọ̀ oúnjẹ náà tún wà. Wọ́n gbà pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè, ẹran pẹ̀lú kì í pọ̀ lọ́wọ́ ọmọ kékeré. Àwọn àgbà ni ń jẹ ẹ̀yà tó dára. Ìlànà yìí ń kọ́ ọmọ ní ìkóra-ẹni-níjàánu, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara ọmọ ló ń san owó ẹ̀kọ́ náà.

Ní oṣù Karùn-ún 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n, ibodè sì ṣí. Ọ̀nà ọjà tó ṣí mú kí ẹ̀wà àti ẹja máa rìn fàlàlà. Lẹ́yìn náà ni kòkó, obì àti òwò gẹdú Ìjẹ̀bú-Igbó wá mú owó wọlé, owó náà sì gbé mílíìkì inú agolo, ṣúgà àti òótì wọ inú ilé. Ife ògì tí a fi mílíìkì àti ṣúgà sí di àmì ilé tó rọ́wọ́ họrí. Àyípadà yìí kò dára tán. Ọ̀pọ̀ ìyá wá rò pé ṣúgà ló ń mú ògì lágbára, wọ́n sì fi àkàrà sílẹ̀ fún àgbà.

Ìṣègùn ló wá fi hàn pé ìrònú yìí léwu. Ní 1933, Cicely Williams, dókítà obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tó di Ghana, kọ̀wé nípa àrùn kan tó ń mú ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú tí wọ́n sì ń fi oúnjẹ àgbàdo nìkan bọ́: ẹsẹ̀ á wú, irun á pọ́n, ara á máa bó. Kwashiorkor ni orúkọ rẹ̀. Nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, 1967 sí 1970, gbogbo ayé gbọ́ orúkọ náà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, dókítà David Morley ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà láàrin 1956 sí 1961, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ sì ń tọ àwọn ọmọdé Ìmẹ̀sí-Ilé lẹ́yìn láti oṣù dé oṣù. Láti ibẹ̀ ni káàdì ìwọ̀n tí ìyá ń gbé sílé ti tàn ká ayé: bí ìlà ìwọ̀n ọmọ bá dúró sójú kan, nọ́ọ̀sì á béèrè ohun tó ń jẹ pẹ̀lú ògì. Ìbéèrè náà kò ju èyí lọ, ó sì gba ẹ̀mí là.

Ilé iṣẹ́ ìwádìí FIIRO ní Oṣòdì, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1956, gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n pò ẹ̀wà sóyà mọ́ ògì, wọ́n sì gbé e jáde ní lẹ́búlẹ́bú tí omi gbígbóná nìkan yóò sọ di oúnjẹ ọmọ. Olikoye Ransome-Kuti, oníṣègùn ọmọdé tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1927, di mínísítà ètò ìlera Nàìjíríà láti 1985 sí 1992. Ètò rẹ̀ gbé ìlera sún mọ́ ìgbèríko: abẹ́rẹ́ àjẹsára, omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ìgbẹ́ gbuuru, àti fífún ọmọ lọ́mú. Ní 2001, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí ọmọ mu ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà gbáko. Láti ìgbà náà, ògì tí wọ́n ń rọ ọmọ jòjòló látijọ́ ń dúró de oṣù keje kí ó tó dé ẹnu rẹ̀ ní ilé tó gbọ́ ìmọ̀ràn.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1955, nínú ọyẹ́ gan-an, ti kó ọmọ jáde nílé ní àárọ̀ kùtù. Oúnjẹ wọn bá wọn jáde. Obìnrin alákàrà àti ológì ẹnu ọ̀nà iléèwé di ìyá kejì fún wọn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ fún ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dìde ní 2016, oúnjẹ ọ̀sán gbígbóná tí a sè láti inú irè oko àdúgbò di ohun tí ìjọba náwó lé. Ní Àgọ́-Ìwòyè, yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1982 sọ òwò àkàrà àti ògì di ńlá, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá oúnjẹ tí kò wọ́n láàárọ̀. Àwọn Yorùbá tó wà ní London, níbi tí òtútù ti ní yìnyín lóòótọ́, ń ra ògì lẹ́búlẹ́bú ní Peckham, wọ́n sì ń rò ó fún ọmọ wọn kí ó tó wọ bàtà lọ síléèwé.

Ní ilé ìtọ́jú aláboyún lónìí, ìmọ̀ràn tí àwọn nọ́ọ̀sì ń fún ìyá kò jìnnà sí ohun tí ìyá àgbà ń ṣe: kí ògì ki, kí ó má ṣàn bí omi, kí a fi edé tàbí ẹja gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná sí i, tàbí ẹ̀pà, tàbí sóyà, kí a kán epo pupa sí i, kí mọ́ínmọ́ín tẹ̀ lé e, kí a má ka ẹyin léèwọ̀ mọ́, kí a fi ṣíbí fún ọmọ, kí a má rọ ọ́. Edé náà ṣì ń ti ìhà Ìwópin àti Ẹ̀pẹ́ gòkè wá, mọ́tò ló kàn ń gbé e báyìí dípò orí.